Ìtàn Akọni Kò Pin Sínú Igbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí bá àwọn tí ó fẹ́ kọ ìtàn akọni fún ọmọdé wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹni tí kò bá gbé ẹ̀bá igbó kìjikìji kò lè rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ, àti pé kò sí ohun tí ènìyàn lè rí kọ ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí ilé àti ọkọ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀.

Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí yóò pa àlọ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó ní 1903, mọ èyí dájú. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, bàbá arúgbó kan ni ó wá sọ ìtàn, òǹkọ̀wé kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, Fágúnwà kò to ìtàn jọ bí ẹni to igi ìdáná. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, àwọn tí ó bá a lọ ní ẹ̀bùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin. Bí ìṣòro ṣe ń yọjú ni ẹ̀bùn wọn ń wúlò, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe ń gbèrú.

Ẹni tí ó bá ní igbó nìkan ni ó ní ìtàn, kí ó wo Cyprian Ekwensi. Benjamin Adéròúnmú, afọ́jú olórin ìgboro Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kòkòrò, ni ó fi ṣe àwòkọ́ nígbà tí ó kọ The Drummer Boy, tí ó jáde ní 1960. Ó sọ olórin náà di ọmọdékùnrin onílù tí ń jẹ́ Akin. Àwọn mìíràn fún Kòkòrò lówó, wọ́n bá tiwọn lọ. Ekwensi rí ìwé lára rẹ̀.

Kí ni Kòsọ́fẹ́ ṣaláìní? Ọkọ̀ ẹrù ń ti Òkè Ọya kó tòmátì àti àlùbọ́sà wọ Mile 12. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà. Odò Ògùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, bí ó bá sì kún, a máa ya wọ ilé onílé. Ọmọ tí ó wa ọkọ̀ ojú omi lọ gbé ìyá àgbà rẹ̀ jáde nínú omi kò kéré sí ọdẹ tí ó bá iwin jà.

Bí ọmọ kò bá rí àdúgbò rẹ̀ nínú ìwé rí, yóò gbà pé ibi tí òun ń gbé kò tó ìtàn, àti pé èdè òun kò tó ìwé kọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán wọn sí awakọ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi àti ìyá aláta. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó lọ, ohun tí ó dè é lọ́nà, àti bí ó ṣe padà délé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe lé wọn. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ìtàn tí àgbà kò bá sì sọ, ilẹ̀ ni yóò bá a wọ̀.