Ọdẹ Tí Ẹran Kì í Ṣe Tirẹ̀

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òótọ́ ni fún ọdẹ inú igbó, nítorí tirẹ̀ lẹran tó pa. Ọmọkùnrin tó ń bá ọ̀gá ta tọ́kunbọ̀ ní Berger, lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, ńkọ́? Láàárọ̀ kùtù ló ti ń nu eruku lára ọkọ̀. Yóò ṣáná sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí bátìrì má baà kú, yóò dúró sóòrùn, yóò bá oníbàárà méjìlá sọ̀rọ̀, mọ́kànlá á ní àwọn ń bọ̀. Bílẹ̀ bá ṣú tí ọkọ̀ kankan ò tà, ọwọ́ òfo ló ń gbé relé. Kọmíṣọ̀n nìkan lowó iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ní owó oṣù a máa sọ ọmọọṣẹ́ di ọ̀lẹ. N kò jiyàn pé kọmíṣọ̀n ń mú ara yá. Ṣùgbọ́n dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá 1,400 kí oṣù kẹta 2024 tó dé. Ẹni tó ń tọ́jú owó Corolla gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀lẹ ọmọọṣẹ́ ló fa ìyẹn náà?

Ebi ọ̀hún kò sì mọ síkùn ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ẹni tí kò lówó oṣù yóò lé tirẹ̀ lórí iye tí ọ̀gá dá, yóò fẹnu bo jíà tó ń fà mọ́lẹ̀. (Ìwọ tó o ra ọkọ̀ tó kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ìwọ lo san owó oṣù tí ọ̀gá kò san.)

Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2019, tí wọ́n sì sọ iye rẹ̀ di 70,000 náírà ní 2024, yọ ibi tí wọ́n ti ń fi kọmíṣọ̀n sanwó sílẹ̀. Ó tún yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé 25. Ojúlé ọkọ̀ mélòó ní Berger ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ihò méjèèjì yìí làwọn ọ̀gá ń gbà kọjá, wọn ò sì rú òfin kankan.

Kí wọ́n sanwó fún wíwà lẹ́nu iṣẹ́, kí kọmíṣọ̀n wá jẹ́ èlé orí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta lòfin 2024 ní kí wọ́n máa tún owó náà yẹ̀ wò. Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábùjá, bí 2027 bá dé, ẹ má kàn sún iye owó sókè; ẹ dí ihò méjèèjì yẹn.