Ìgbà Wo Ló Ń Gbọ̀n?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láti Lekki títí dé Ajah, tí ẹ ń wa jíìpù tàbí Hilux tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, jíìpù tí a fi ń gbé ìdílé wa kiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níwájú. Bí a bá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀nà ṣí díẹ̀ lẹ́yìn Sangotedo, ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ wa á di ìlẹ̀kùn mú, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á sì dákẹ́ rọ́rọ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, a ní, "Ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n." Ó ní sọ́ọ̀kì ni. A rà á, ó ṣì ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni. A ra méjèèjì, kò yí padà. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé àwọn ọmọ ti wọlé sí iwájú ọkọ̀, àìsàn ọkọ̀ kò sì lọ.

Ẹnì kẹta, bàbá àgbàlagbà kan ní Ajah, kò tilẹ̀ mú sípánà. Ó bi wá pé, "Pásítọ̀, ìgbà wo ló ń gbọ̀n?"

A ní, "Bàbá, ìgbà gbogbo ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ wà á lọ wò."

Ohun tí a kọ́ lọ́jọ́ náà nìyí: kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, kí ẹ sì mọ ibi tó ti ń gbọ̀n.

Bí ó bá jẹ́ sítíárìn ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń sá kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ àti yanrìn àdúgbò wa máa ń gan mọ́ inú ríìmù. Ẹ fọ̀ ọ́ dànù, lẹ́yìn náà ẹ lọ ṣe bálánsì. Ẹ tún lè gbé táyà iwájú sẹ́yìn: bí gbígbọ̀n náà bá kúrò ní sítíárìn tó bọ́ sí ìjókòó, táyà tàbí ríìmù ni. Aláínmẹ́ǹtì kọ́ ni oògùn èyí. Ọkọ̀ tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó ń jẹ táyà lápá kan, ni aláínmẹ́ǹtì wà fún.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan, dísìkì bíréèkì ló sábà máa ń jẹ́.

Bí ẹ bá já sí kòtò, tí sítíárìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ dì í mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táyà fún yín. Kí mẹkáníìkì fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn, kó fi jáàkì gbé iwájú, kó sì mi táyà. Bí ó bá ń yẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, béárìnì tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni. Bí ó bá ń yẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, táì-rọ́ọ̀dù ni kó wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Tiwa kò sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Sítíárìn wa dákẹ́ jẹ́ẹ́, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ló ń gbọ̀n. Bí a bá tẹ iná, ó ń pọ̀ sí i. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, ó ń dínkù. Bàbá ní, "Pùròpẹ́là iwájú nìyẹn." Fọ́ọ̀-wíìlì ní pùròpẹ́là méjì, ọ̀kan ń lọ sẹ́yìn, èkejì ń lọ síwájú. Tiwa jẹ́ irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nígbà gbogbo, nítorí náà èyí tó wà níwájú ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Kírọ́ọ̀sì tó so ó mọ́ra ń fẹ́ gíríìsì. Nígbà tí Bàbá fi ọwọ́ yí i, ó ń yẹ̀, ìpẹtà pupa bí ìyẹ̀fun sì yí i ká. A ti wọ́ ọkọ̀ náà nínú àgbàrá Badore àti létí òkun ní Eleko, a kò sì rántí gíríìsì lẹ́ẹ̀kan. Kírọ́ọ̀sì tuntun ló wò ó sàn, owó rẹ̀ kò sì tó ti sọ́ọ̀kì ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní ọ̀pá tí a fi ń mú fọ́ọ̀-wíìlì ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ti kúrò nínú yanrìn Eleko, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gun ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà. Lórí yanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, wọn á máa bá ara wọn jà, ọkọ̀ á máa ta kìjí, irin inú rẹ̀ á sì máa jẹ.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó nígbà tó ń gbọ̀n, bíréèkì tàbí iná, ọwọ́, ìjókòó tàbí ẹsẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ì bá ti gba owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa là. Ó sì lè gba ẹ̀mí là, nítorí inú ọkọ̀ yẹn náà ni ìyàwó àti ọmọ yín ń jókòó sí.

Ó di oṣù tó ń bọ̀.