Ní Bèbè Òkè Funfun

Ẹni tó bá ti ń ka ojú ewé yìí tipẹ́ mọ̀ pé bí a bá ti ìrìn àjò dé, a kì í dákẹ́ láìròyìn. Ìjọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè wá fún ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Nígbà tó di Mọ́ńdè ìsinmi tó máa ń kẹ́yìn oṣù Ògọ́sítì, wọ́n háyà bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín sínú kúlà, ó di etí òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lókè òkun mọ àṣà yìí dáadáa. Bí ojú ọjọ́ bá ti móoru díẹ̀ báyìí, àwọn ìyá ìjọ á ti máa bèèrè ibi tí a ń lọ lọ́dún yìí. Eastbourne ni wọ́n mú wa lọ, ìlú ìgbafẹ́ kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkè ẹfun funfun báláú rẹ̀ ti sọ di olókìkí.

Ìlú náà mọ́ tónítóní. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibẹ̀ ní 1849, àwọn abúlé kéékèèké ló wà níbẹ̀. Ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ William Cavendish, Duke ti Devonshire keje, tó ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ló ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ fún àwọn ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ òkun sára. Afárá onírin gígùn kan tí wọ́n ṣí ní 1870 yọ láti etíkun wọ inú òkun lọ, kò sì lọ sí òdìkejì ibì kankan. Ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Iná jó apá kan rẹ̀ ní oṣù Keje 2014, ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó bá ń retí iyanrìn bíi ti Badagry yóò yà á lẹ́nu pé òkúta wẹ́wẹ́ ló kún etíkun ibẹ̀. Àwọn ìyá wa bọ́ bàtà, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé, wọ́n sì wọ̀ ọ́ padà. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló wọ omi, kíákíá ni òtútù sì lé àwọn náà jáde. Iye tí wọ́n ń ta ẹja díndín kan pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, bí a bá sọ ọ́, àwọn ìyá tó wà n'Ìbàdàn á ní irọ́ ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, bọ́ọ̀sì gbé wa gun òkè lọ. Beachy Head ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Orúkọ náà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú etíkun o. Èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni orí ilẹ̀ tó lẹ́wà. Orí pápá ni ènìyàn yóò máa rìn, koríko kúkurú tí àgùntàn ti jẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fìlà kúrò lórí, àfi lójijì tí ilẹ̀ tán. Níbi tó ti tán yẹn, òkè náà já ṣánṣán bí ògiri sínú òkun, mítà 162. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Cocoa House n'Ìbàdàn, mítà 105 ni gíga tirẹ̀. Ẹ gbé ìdajì Cocoa House lé orí odidi rẹ̀. Ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ ojú omi wà nísàlẹ̀ nínú omi, wọ́n parí rẹ̀ ní 1902. Ó ga tó mítà 43, ṣùgbọ́n láti òkè tí a dúró sí, bí ohun ìṣeré ọmọdé ló rí.

Ẹfun ni gbogbo òkè náà. Kì í ṣe pé wọ́n fi kun ún. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ó di ọwọ́ olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí pátákó ìkọ̀wé. Àwọn onímọ̀ sọ pé karahun àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú òkun ni, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń rọ̀ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi títí ó fi di òkè. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa iye ọdún tí wọ́n kà sí i. Ohun tó gba àfiyèsí wa ni ìdí tó fi funfun tó bẹ́ẹ̀. A rò pé òjò ló ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní rárá, wíwó ló ń wó. Òkun ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ya lulẹ̀, ojú tuntun sì ń yọ. Níbi tí omi kò bá ti jẹ ìdí irú òkè bẹ́ẹ̀ mọ́, koríko á hù sí i lára, funfun rẹ̀ á sì pòórá. Ẹwà tí gbogbo ayé ń wá wò, òun gan-an ni àmì pé òkè náà ń ṣubú.

Ilé ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ kan, Belle Tout, wà lókè níbẹ̀ láti nǹkan bí 1832. Nígbà tó di 1999, bèbè òkè ti súnmọ́ ọn débi pé wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ gbé odidi ilé náà, kí wọ́n sì sún un sẹ́yìn ní mítà 17. Ní Birling Gap tó wà nítòsí, ọ̀wọ́ ilé kan wà tí wọ́n kọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun láyé àtijọ́. Wọ́n ti ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí òkun ṣe ń dé ìdí wọn. Arábìnrin kan rán wa létí òwe Olúwa nínú Mátíù orí keje, nípa àwọn ọkùnrin méjì tó kọ́lé. A ní kó tún un wò dáadáa: àwọn tó kọ́ ilé Birling Gap kò kọ́ ọ sórí iyanrìn, orí àpáta ni. Àpáta wà tó ń jẹ́ àpáta lójú ni.

Ọgbà kò yí gbogbo bèbè náà ká, kò sì lè yí i ká, nítorí ibi tí a bá ri òpó mọ́ lónìí lè wó lọ́la. Ibi tí koríko ti dára jù lè jẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti yọ síta lókè tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Ní 2017, ọ̀dọ́bìnrin àlejò kan fò sókè ní ọ̀kan nínú àwọn òkè wọ̀nyí kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti wà lófuurufú. Ó jábọ́, ó sì kú. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń na fóònù síwájú, a fi ọ̀pá ìfàlẹ̀ wa fa ìlà, a ní ẹni tó bá ré e kọjá kò ní jẹ nínú mọ́ínmọ́ín tó kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ tó mú wa kọ èyí wá kù. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn tí ayé ti sú ti ń wá sí òkè yìí, àwọn mìíràn kò sì padà sílé. Nítorí wọn ni àwọn Kristẹni kan ṣe dá ẹgbẹ́ àwọn olùtùnú sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2004. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ náà, ń rìn lórí òkè, wọ́n ń wo ẹni tó dá dúró, ẹni tó jókòó pẹ́ jù, wọ́n á sì lọ kí i. Wọn kì í gbé gbohùngbohùn. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Wọ́n á kí ènìyàn, wọ́n á sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwa tó ti ń wàásù láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ronú sí èyí gidigidi. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, kí ni ańgẹ́lì kọ́kọ́ ṣe? Àkàrà àti omi ló gbé wá, ó sì jẹ́ kó tún sùn. Ẹ wo 1 Àwọn Ọba 19. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16, nígbà tí onítúbú Fílípì fa idà yọ sí ara rẹ̀, Pọ́ọ̀lù kò sọ pé ọ̀tá òun ló fẹ́ kú. Ó kígbe kí ọkùnrin náà má ṣe é, ìwàásù sì tẹ̀lé e.

Nígbà tí àwọn yòókù ń rìn kiri, arákùnrin kan kò sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ èyí, a sì ti yí ohun tó lè mú kí wọ́n dá a mọ̀ padà. A lọ jókòó tì í. Ó ti lé lógójì ọdún. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti há sọ́wọ́ ìjọba tipẹ́. Ìyá rẹ̀ kú, kò lè lọ sin ín. Owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé fún ilé kíkọ́, ìbátan rẹ̀ ti ná an tán, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ó ń kọ́lé. Ó ní, “Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ìlú? Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ṣáà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ.”

A bi í léèrè ní tààrà: “Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ ni?”

Ó dákẹ́. Ó wá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó bú sẹ́kún.

Àwọn kan bẹ̀rù irú ìbéèrè yẹn, wọ́n ní bí a bá bi ènìyàn, a ti fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sọ pé ìbéèrè náà máa ń tú ẹrù lórí ẹni tó ń dá a rù ni. A jókòó tì í. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tútù pọ̀. A gbàdúrà, àdúrà kúkurú. Nígbà tó gbà fún wa, a pe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò dá sùn, bí ilẹ̀ sì ti mọ́, arákùnrin méjì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn kan máa sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn ni, kí a gbààwẹ̀ fún un. Àwa náà gbà pé Jésù ń tú ìdè, a sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ní kó wá ṣe ìṣọ́ òru ọlọ́jọ́ méje. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè di àìsàn bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, dókítà sì ní oògùn àti ìtọ́jú fún un. Ẹ tún dákun, ẹ má sọ pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í ronú bẹ́ẹ̀. Mósè bẹ Ọlọ́run kó pa òun. Jónà ṣe bẹ́ẹ̀. Jóòbù fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ bú.

Ní ti òwe tí arákùnrin náà pa, òwe àwọn baba wa ni, a kò ní sọ pé kì í ṣe tiwọn. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọba tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀, wọ́n á ní kó ṣígbá wò, kò sì tún gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé àìníwèé ìgbélùú jẹ́ ẹ̀sín? Ta ló sọ pé ilé tí kò parí jẹ́ ẹ̀sín? Àwa tó wà nílé la sọ ọ́. Àwa là ń pe ọmọ ní gbogbo Sátidé, tí à ń bèèrè owó páànù, tí a kò bèèrè bóyá ó jẹun. Òwe mìíràn wà tí àwọn baba kan náà pa: bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Èyí ni kí ẹ máa pa fún àwọn ọmọ yín lórí fóònù.

Ẹ̀yin ẹbí wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó ka ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ láti 1961, nítorí náà kò sí ìdí láti fara pamọ́ fún dókítà. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Chad Varah, dá ẹgbẹ́ Samaritans sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 fún irú wákàtí yìí. 116 123 ni nọ́ńbà wọn, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Bí ewu bá ti dé tán, 999 ni kí ẹ pè. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kàn sí olùṣọ́-àgùntàn yín tàbí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí ẹ má sì fi ẹni náà sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ìjọ tó gbà wá lálejò ti yan ìyá méjì àti bàbá méjì tí wọn yóò máa pe àwọn tó ń dá gbé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Arákùnrin wa ṣì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ kò tíì yanjú, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ti wà lórí rẹ̀. Ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin nílé pé kò sí ilé kankan. Àbúrò náà ní òun ti mọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, òun kò fẹ́ bà á lọ́kàn jẹ́ ni.

Lóṣù tó ń bọ̀, bí Jésù bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, a ó dáhùn lẹ́tà àwọn òbí tó kọ̀wé nípa ọmọ tó ní òun kò lọ sí ìjọ mọ́.