Ìdánwò Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣe, Kì Í Ṣe Ìdánwò

Ní sáà tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tò níwájú tábìlì ẹgbẹ́ ẹ̀ka wa láti gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti san owó ẹgbẹ́. Wọ́n ti san án lóòótọ́, rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwa fúnra wa kọ ní òun kò mọ̀ wọ́n rí. Ìdánwò ku ọ̀la, akọ̀wé sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹni tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ẹnì kan sunkún níbẹ̀. Àwa la jẹ̀bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ní òru ọjọ́ Àìkú, ọ̀kan nínú wa yí òpó tí nọ́ńbà matric wà nínú database padà. Ọ̀rọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di iye. Iye kì í ní òdo níwájú, nítorí náà 041237 di 41237. Apá ètò tó ń wá orúkọ ṣì ń wá 041237, kò sì rí i. Báyìí ni gbogbo ẹni tí òdo bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ṣe pòórá láàárín òru kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó dùn wá jù. A ní ìdánwò tí ì bá mú àṣìṣe yẹn. A ti kọ ọ́ tipẹ́. Orí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan ṣoṣo ló wà, onítọ̀hún sì ti lọ ṣe IT ní ìlú mìíràn. Ẹni tó yí òpó padà kò mọ̀ pé ìdánwò kankan wà. Àwa tí a mọ̀ kò rántí.

Nítorí náà, a kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ ìdánwò. Àwọn olùkọ́ ti sọ ìyẹn títí ó ti sú wa. Ohun tí àwa ń sọ ni pé ìdánwò tó ń dúró de kí ènìyàn rántí òun, bí ẹni pé kò sí ni. Ẹ̀rọ ni kó máa kọ́ database náà láti ìpìlẹ̀, ẹ̀rọ ni kó máa dán an wò, nígbàkigbà tí kóòdù bá yí padà. Iṣẹ́ tí kò bá ní èyí kò tíì parí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó.

Ẹ wo àwọn tó ń kọ PostgreSQL. Nínú kóòdù wọn, fódà kan wà tó ń jẹ́ src/test/regress. Àwọn fáìlì SQL wà níbẹ̀, àwọn fáìlì ìdáhùn tó yẹ kó jáde sì wà pẹ̀lú wọn. Tí ẹ bá tẹ make check, yóò kọ́ PostgreSQL, yóò gbé server ìgbà díẹ̀ dìde, yóò ṣí database tuntun, yóò bi í ní gbogbo ìbéèrè náà, yóò sì fi èsì wé ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, yóò kọ ọ́ sínú regression.diffs. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìwé ìbéèrè àti ìwé ìdáhùn ni, bíi past question tí gbogbo wa ń wá kiri.

Síbẹ̀ wọn kò dúró síbẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn a máa gbàgbé. Láti 2004 ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní buildfarm, èyí tí Andrew Dunstan dá sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni, oríṣiríṣi ẹ̀rọ, oríṣiríṣi ètò ìṣiṣẹ́. Wọ́n fi orúkọ ẹranko sọ wọ́n: crake, skink, prairiedog. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ìgbà tí kóòdù tuntun bá dé, yóò fà á, yóò kọ́ ọ, yóò dán an wò, yóò sì gbé èsì sí gbangba níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ti lè rí i. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ níbẹ̀ pé "ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tèmi" kó sì lọ sùn.

A ti gbọ́ àwáwí yín, nítorí àwa náà ti ṣe é rí.

Ẹ ní àkókò kò sí. Òru méjì la fi wá òdo tó sọnù yẹn, a sì tún fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tọrọ àforíjì. Ìdánwò tí ì bá mú un kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, kì í sì í gba ìṣẹ́jú kan láti ṣe. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ ní kò sí iná, kò sí data. Òótọ́ ni, a jọ wà nínú òkùnkùn náà ni. Ṣùgbọ́n tí PostgreSQL tàbí MySQL bá ti wà lórí láptọ́ọ̀pù, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti dán ara rẹ̀ wò. Git fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń jẹ́ pre-push hook: script tó máa ń ṣiṣẹ́ kí kóòdù tó kúrò lọ́wọ́ yín, tó sì lè dá a dúró tí ìdánwò bá kùnà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ní iṣẹ́ wa kéré, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn wà fún. SQLite, tó wà nínú fóònù tó wà lápò yín báyìí, àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ìka ọwọ́ kan tó láti kà ló ń kọ ọ́. Nígbà tí version 3.42.0 jáde ní 2023, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ pé kóòdù ìdánwò wọn jẹ́ ìlọ́po 590 kóòdù SQLite gan-an. Bí iṣẹ́ bá kéré, ìdánwò rẹ̀ á rọrùn ni. Kò sọ pé kó má sí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá, ẹ bi TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹrin 2018, ilé ìfowópamọ́ náà kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sórí ètò tuntun. Dátà náà dé. Ètò tó yẹ kó gbé e ni kò dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí àkáǹtì wọn wọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn tó jẹ́ mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé wọn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Àwíjàre kan wà tí a gbà. Ẹ ní ìdánwò kì í rí gbogbo àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a bá bi í nìkan ló mọ̀. Ohun tó lè sọ fún wa ni pé ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, ìyẹn nìkan ì bá sì ti tó láti gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú. Bákan náà, ẹni tó bá rí i pé ìdánwò kùnà, tó kàn fi èsì tuntun rọ́pò ìdáhùn àtijọ́ láìkà á, èrú ìdánwò ló ń ṣe. Gbogbo wa la mọ ìjìyà èyí.

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, ohun tí a ṣe nìyí. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ yí database padà mọ́. Ìyípadà kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì tó ní nọ́ńbà, inú Git ló wà. Script kan ń pa database ìdánwò rẹ́, ó ń tún un kọ́ láti fáìlì àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, ó sì ń kó àwọn ènìyàn àfọwọ́dá sí i: ẹni tí òdo bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí kò san rárá, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní àmì sábẹ́. Ẹ má fi tìkẹyìn yìí ṣeré. Lẹ́tà ọ lè wà nínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀, ẹni tí ẹ bá fi ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní jáde nígbà tí ẹ bá fi èkejì wá a. Oríṣi database tí a ń lò gan-an la fi ń dánwò, nítorí ohun tí SQLite gbà, PostgreSQL lè kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń kọ ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde títí ẹ̀rọ yóò fi lè dán an wò láìsí yín níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí àkẹ́kọ̀ọ́ tó gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ẹ ní kó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo kó sì jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń gba eruku nílé yín lè di ẹran àkọ́kọ́ nínú oko tiwa. Ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹni tó sunkún níwájú tábìlì yẹn kò mọ ohun tí òpó jẹ́ nínú database, kò sì yẹ kó mọ̀. Ó san owó rẹ̀. Àwa la gbàgbé.