Ṣùkù Àgbàdo Ìlárá: Pàǹtí Tó Lè Di Owó

Ní Ìlárá, létí ààlà orílẹ̀-èdè Benin, a sábà máa ń dáná sun ṣùkù àgbàdo lẹ́yìn ìkórè. Bẹ́ẹ̀, olú Pleurotus a máa hù lórí ṣùkù, koríko ìrẹsì àti èérún pákó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èérún pákó ń fẹ́ àfikún èérí. A ó gé ṣùkù wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó fi ooru omi pa kòkòrò àìrí inú rẹ̀, kí a tó pò ó mọ́ irúgbìn olú sínú àpò.

Lódìkejì ààlà, ní Àjàṣẹ́, láti 1985 ni ilé-ẹ̀kọ́ Songhai ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé pàǹtí iṣẹ́ kan ni oúnjẹ iṣẹ́ mìíràn.

Pàǹtí kò wọ́n wa. Irúgbìn tó mọ́ àti ọjà ló ṣòro, nítorí olú tútù kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ jọ, ẹ wá oníbàárà, ẹ sì ṣètò ibi tí ẹ ó ti sá a, kí ẹ tó gbìn.