Ẹ Sọ fún Oníbàárà Kí Olè Tó Pè É

Bí olè bá já àpò gbà lọ́wọ́ alájọ lọ́nà ọjà, alájọ tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní wọlé lọ sùn. Yóò padà sáàárín ọjà, yóò máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, olè ti gba ìwé tí orúkọ yín wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní èmi ni mo rán òun, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀." Ojú á tì í, wọn á sì bú u, àmọ́ wọn á ṣì dá àjọ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Èyí tó panu mọ́, tí ìyà fi jẹ àwọn tó fọkàn tán an, ni ọjà kì í dárí jì.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwòyí ni kò ní ìwà alájọ yẹn. Báńkì, ilé ìwòsàn, ilé ìwé aládàáni àti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, gbogbo wọn ló ń gba orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa àti àdírẹ́sì, àwọn mìíràn tún ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ bíi BVN àti NIN. Bí olè bá wọ inú kọ̀ǹpútà wọn kó o lọ, ẹnu olè gan-an ni oníbàárà sábà máa ń gbọ́ ọ. Fóònù á dún. Ẹni tó pè á pe orúkọ oníbàárà náà ní kíkún, á ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lórí káàdì ATM rẹ̀, á ní báńkì ló rán òun, kó jọ̀ọ́ kó ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Bí PIN bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ó ṣeé pààrọ̀. Ọjọ́ ìbí kò ṣeé pààrọ̀.

Lójú tiwa, pé olè jà nílé iṣẹ́ kan kò tíì sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó mọ̀ ni ká fi dá a lẹ́jọ́.

Ẹ wo Equifax ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2017, àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí Equifax ń lò kéde pé ihò wà lára rẹ̀, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde. Equifax kò dí ihò náà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, olè wọlé. Ìparí oṣù Keje ni wọ́n tó fura, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún aráyé. Àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 èèyàn ló ti lọ. Wọ́n ṣí ojú òpó kan fún àwọn tọ́rọ̀ kàn, àmọ́ òṣìṣẹ́ wọn tún ṣèèṣì darí àwọn èèyàn sí ayédèrú rẹ̀ lórí Twitter. Ọ̀gá àgbà fipò sílẹ̀ kóṣù náà tó parí. Ní 2019, wọ́n gbà láti san ó kéré tán mílíọ̀nù 575 dọ́là.

Ti Uber, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi fóònù pe ọkọ̀ rẹ̀, tún burú jù. Ní 2016, olè kó àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 57 èrò ọkọ̀ àti awakọ̀. Ilé iṣẹ́ náà fún àwọn olè ní 100,000 dọ́là, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọdún kan gbáko. Ní 2022, ilé ẹjọ́ dá ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ètò ààbò wọn nígbà náà lẹ́bi pé ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Norsk Hydro ti orílẹ̀-èdè Norway ṣe tirẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta 2019, àwọn ọ̀daràn ti kọ̀ǹpútà wọn pa, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà wá san owó ìtúsílẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́, bébà ni wọ́n bá lára ilẹ̀kùn: ẹ má so ẹ̀rọ kankan mọ́ kọ̀ǹpútà wa. Ilé iṣẹ́ náà kò san kọ́bọ̀ fún ọ̀daràn. Ó pe àwọn oníròyìn, ó ń fi Facebook ròyìn nígbà tí ojú òpó rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó sì lo ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tó ti tọ́jú láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó pàdánù owó ńlá, àmọ́ kò pàdánù orúkọ.

Ní Nàìjíríà wa níbí, òfin wà. Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún ti 2023 ní kí ilé iṣẹ́ tí irú èyí bá dé bá, tó sì lè ṣàkóbá fáwọn èèyàn, fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò ìwífún, létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀ fún oníbàárà, kó sọ fún òun náà lójú ẹsẹ̀, ní èdè tó yéni yékéyéké, kó sì sọ ohun tó lè ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ìtanràn fún ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin yìí lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Èdè tó yéni yékéyéké yẹn la fẹ́ tẹnu mọ́. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, kí ni yóò fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì olójú ewé mẹ́ta tí lọ́yà kọ ṣe? Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún un, lórí rédíò àti lórí fóònù rẹ̀: ohun tó sọnù rèé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi yín rèé, nọ́ńbà tí ẹ ó pè rèé. Kí èèyàn ẹlẹ́ran ara sì gbé e nígbà tó bá pè.

Kí ilé iṣẹ́ tún dí ihò tí olè gbà wọlé, àmọ́ kó má pa ipasẹ̀ olè rẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kó má lé òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ figbe ta, nítorí ẹlòmíràn kò ní figbe ta mọ́. Kó sì yéé gba ohun tí kò nílò. Olè kò lè kó ohun tí kò sí nílé.

A ń rọ NDPC pé kó má fojú fo ilé iṣẹ́ tó bá dákẹ́ kọjá wákàtí 72. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, oníbàárà yín ló ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yin kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ó bá sọnù lọ́wọ́ yín, ẹnu yín ni kó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.