ÈÉFÍN KÒ MỌ ÀLEJÒ, KÒ MỌ ONÍLÉ

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tó ń gbé Warri, Effurun àti agbègbè wọn! 

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn kan láàárín wa. Tí epo rọ̀bì bá ti tú sódò, tí àwọn ará ìlú bá fẹ́ lọ bá ilé iṣẹ́ epo sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Àlejò ni wá, kò kàn wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ lọ jà á." A ò gbà! Ṣé iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán-tòru máa ń béèrè ìlú ẹni kó tó fẹ́ èéfín síni nímú? Bí ẹja bá kú sódò, ṣé àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja lọ́jà Igbudu ò ní mọ̀ ọ́n lára ni? Ìka kan ló ń tọ́ epo, gbogbo ìyókù ló ń ràn.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, lọ jókòó sórí ibùdó epo Chevron tó ń jẹ́ Parabe, lójú òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, torí omi iyọ̀ ti ba omi mímu wọn jẹ́. Lọ́jọ́ 28 oṣù náà, hẹlikópítà tí ilé iṣẹ́ náà ń lò ló gbé sójà lọ bá wọn. Ọ̀dọ́ méjì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé San Francisco, ṣùgbọ́n Chevron ni wọ́n dá láre ní 2008.

Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá o. Ní oṣù Keje 2002, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìyá Ìṣẹ̀kírì láti Ugborodo wọ ibùdó Chevron ní Escravos, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn ò mú ìbọn, wọn ò mú àdá. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan àwọn, àwọn á bọ́ra sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá bá àwọn fúnra wọn sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀gá sì wá. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, obìnrin Ìṣẹ̀kírì, Ijaw àti Ìlàjẹ para pọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Shell àti Chevron ní Warri níbí. Láti 1997 ni Ijaw àti Ìṣẹ̀kírì ti ń bára wọn jà o! Àwọn ìyá ló fi ìjà ọkùnrin sílẹ̀ torí odò kan náà. Ìlàjẹ sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n padà sílé.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin sọ fún àwọn ará Iwherekan pé iná gáàsì tako ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè. Iná ò tìtorí ẹ̀ kú. Òfin epo 2021 ní kí ilé iṣẹ́ máa ya 3% owó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yẹn náà lòfin ní kó dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó náà sílẹ̀. Ta ló wá ń fá orí ta?

A ò ní ká gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, a ò sì du oyè. Onílé ni kó ṣáájú, ká dúró tì í. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ bá ará àdúgbò béèrè ẹ̀tọ́, ilé tiẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìpàdé wa, kí ọ̀rọ̀ gọ́tà, omi àti èéfín ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Kí ìyálọ́jà, ọmọṣẹ́ àti ayálégbé ní ohùn kan náà pẹ̀lú àwọn olóyè ẹgbẹ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo má fọwọ́ sí ìwé lórúkọ gbogbo wa láìkà á sétí gbogbo wa. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan obìnrin kan àti ọ̀dọ́ kan tí yóò máa bá Urhobo, Ijaw àti Ìṣẹ̀kírì jókòó.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Warri nilé wa. Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá ṣojú yín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá.